Ohùn Èdè Wa Lẹ́nu Akọrin àti Lábẹ́ Ìka Atẹdùrù

Bí a bá pe ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sí àpéjọ orin, tí ẹnì kan dìde láti dá kọrin, tí ẹlòmíràn sì ń tẹ pianó láti gbè é, kí ni ẹ ó fi mọ iṣẹ́ tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo ẹ̀wù akọrin, wọn a sì máa yìn ín pé ohùn rẹ̀ ròkè. Ìwọ̀n tèmi kò ṣòro. Bí orin Yorùbá ni, ẹ má ṣe fún mi ní ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí n kò bá gbọ́ ohun tí ó ń wí, yálà ẹni tí ó ṣe orin náà tàbí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kùnà.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yewa. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, Ọ̀rọ̀-Ẹ̀fẹ̀ a máa dúró láàárín ọjà, a máa súre, a sì máa bá ènìyàn wí nínú orin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ta ni yóò kọbi ara sí ìbáwí tí kò gbọ́? Nítorí náà, ará Ìlaró tàbí Ayétòrò tí kò rí pianó rí ní etí tí ó lè fi ṣe ìdájọ́ orin àdákọ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

Ohùn mẹ́ta tí èdè wa ní ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ni orin tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀ ti sọ ohun mìíràn. Ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a túmọ̀ láyé àtijọ́, tí a sì fi sí ohùn àwọn Òyìnbó, ni àléébù yìí wà nínú rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta tẹ̀lé ohùn èdè nínú orin tirẹ̀, ó sì kọ púpọ̀ nínú wọn sínú àwo Zonophone ní London ní 1922, pianó sì ń gbè é.

Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) ni ó mú iṣẹ́ náà dé ibi gíga. Ní 1959, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ó ṣe orin Yorùbá mẹ́ta fún ọkùnrin olóhùn àárín àti pianó: “Ìyá”, “Kìnìún” àti “Já Ìtànná Tó Ń Tàn”. Ìlànà Òyìnbó ni pianó fi ń gbè é, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ẹnu akọrin ń sọ, etí wa sì gbà á. Schubert ará Austria ti ṣe irú èyí fún èdè Jámánì: nínú “Erlkönig” rẹ̀ ti 1815, pianó ni ẹsẹ̀ ẹṣin tí ó ń sáré, síbẹ̀ kò tẹ ọ̀rọ̀ akọrin mọ́lẹ̀.

Bí pianó bá wá dá wà láìsí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Níhìn-ín ni àríyànjiyàn wà. Akin Euba (1935–2020), ọ̀mọ̀wé tí ó kọ ìwé ńlá lórí ìlù dùndún, rí i pé ìlù ni pianó ń ṣe, nítorí òòlù kékeré ni í na okùn irin inú rẹ̀. Nínú “Scenes from Traditional Life” (1970), ó mú ìrìn ìlù wa, ṣùgbọ́n kò lo àwọn ohùn orin tí ó mọ́ wa lára. Ó le létí ní àkọ́gbọ́. Èmi kò rò pé iṣẹ́ náà kùnà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ: ìyá ìlù ń rìn níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Ohun kan ń bí mi nínú. Nínú ọ̀pọ̀ àpéjọ, ìparí ni a máa ń fi orin Yorùbá sí, bí ẹ̀pà tí a fi panu lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ gbé Bánkọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ Schubert, kí àwọn ọmọ gbọ́ méjèèjì nígbà tí etí wọn ṣì tutù. “Ìyá” ni èmi yóò kọ́kọ́ kọ́ wọn, nítorí kò sí ọmọ tí kò mọ ẹni tí ó dá lé. Bí ilé-ìwé kò bá ní pianó, kí olùkọ́ fi sọ́lúfà kọ́ wọn ní ohùn rẹ̀, kí ó sì fi dùrù inú ìjọ gbè wọ́n.