Pátákó Tó Ń Bá Onítìrélà Nìkan Sọ̀rọ̀

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ I-70 ní ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀nà ti ń ti orí àwọn òkè Rocky sọ̀ kalẹ̀ wá sí Denver, ìjọba ri àwọn pátákó kan mọ́lẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Ọ̀kan ń kìlọ̀ fún onítìrélà pé kó má ṣe jẹ́ kí ọ̀nà tan òun jẹ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kọ́nà tó le ṣì ku máìlì 4. Bó bá tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, òmíràn á pàdé rẹ̀: o ò tíì dé ìsàlẹ̀ o, ó ku máìlì kan àbọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ awakọ̀. Láti òkè yẹn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ Denver á ti yọ sí i lọ́ọ̀ọ́kán, á rò pé òkè ti tán, á sì jọ̀wọ́ ọkọ̀, nígbà tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣì ń dúró dè é.

N kò ní bu ọlá iṣẹ́ yìí kù. Àléébù kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀: onítìrélà nìkan ni pátákó náà ń pè lórúkọ. Lẹ́yìn tìrélà yẹn gan-an, bàbá kan ń bọ̀ nínú mọ́tòhóòmù, ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, òun, ìyàwó àtàwọn ọmọ, wọ́n gba ìsinmi. Ó ka pátákó, ó ní àwọn onítìrélà ni wọ́n ń bá wí. Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ nìyẹn. Amẹ́ríkà mọ ọ̀nà là gba orí òkè, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ gba orí òkè náà kọjá ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lé orí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń yá ènìyàn lò ni wọ́n kọ́ sórí Ford E-450, tí òun àti ẹrù rẹ̀ lè wọn 14,500 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 6 àbọ̀. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin ọkọ̀ tí bàbá yẹn ń wà lọ síbi iṣẹ́. Àwọn oní-dísẹ́ẹ̀lì ńlá ń wọn tọ́ọ̀nù 12, òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi inú táǹkì, kúlà, kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló ń lé sí i. Nínú fíìmù The Long, Long Trailer tó jáde lọ́dún 1954, òṣèré Lucille Ball ń ṣa òkúta ìrántí níbi gbogbo tí wọ́n bá yà sí, ó ń kó wọn pamọ́ sínú ilé ẹlẹ́sẹ̀ táyà tí ọkọ̀ wọn ń fà, títí ọ̀nà fi gbé wọn dé ẹsẹ̀ òkè. Desi Arnaz, ọkọ rẹ̀ nínú fíìmù àti nínú ilé, ló ń wakọ̀. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ ẹrù rí kò ní rẹ́rìn-ín pẹ́.

Gígun òkè kì í sábà pa ènìyàn. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè, bó burú burú, ọkọ̀ á gbóná, á dúró. California tilẹ̀ ṣòfin fún un: lójú ọ̀nà tí àlọ àti àbọ̀ jọ ń lò, bí ọkọ̀ 5 bá ti tò sẹ́yìn ẹni tó ń rá pálá, dandan ni kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí àyè bá wà, kí wọ́n kọjá. Ibi sísọ̀ kalẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Bí ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 6 àbọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ní 1,000 mítà, agbára tí òkè fi ń tì í tó láti mú omi tútù dúrọ́ọ̀mù kan hó. Láti ihò Eisenhower tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè lórí I-70 dé Denver sì ju 1,700 mítà lọ ní sísọ̀ kalẹ̀. Atẹ́gùn àti táyà á gba díẹ̀ nínú agbára náà. Ìyókù, ẹ́ńjìnnì ni yóò gbà á tàbí bíréèkì. Bí bíréèkì nìkan bá gbà á, irin á pọ́n, òróró bíréèkì á hó, oru rẹ̀ á kún inú ọ̀pá, awakọ̀ á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ á kàn wọlẹ̀ lásán.

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ohun tó yẹ kó ṣe. Kó mú jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì di ọkọ̀ mú. Bí eré tó yẹ níbẹ̀ bá jẹ́ máìlì 40 ní wákàtí kan, tó bá ti dé 40, kó tẹ bíréèkì gidi títí yóò fi wálẹ̀ sí 35, kó wá gbẹ́sẹ̀ kúrò pátápátá. Bó bá tún dé 40, kó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn ò kọ́ á gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á rò pé ìfarabalẹ̀ lòun ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ooru kò ráyè jáde rárá. Nílé wa níbí, àwọn awakọ̀ táńkà kan máa ń ti jíà sí fírì bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí epo lè pẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó di ọkọ̀ mú ni wọ́n ń tà nítorí epo díẹ̀.

Ẹ̀rù ló kọ́ Clessie Cummins lọ́gbọ́n bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè túbọ̀ di ọkọ̀ mú. Òun ló dá ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì Cummins sílẹ̀. Lọ́dún 1931, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù oní-dísẹ́ẹ̀lì láti New York lọ sí Los Angeles láti fi polówó ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Cajon, ní California, bíréèkì kò gbọ́ mọ́, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù sì ń ré títì kọjá nísàlẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ojú irin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lójú títì ni ti Cummins gba ibẹ̀ já. Ó pẹ́ kó tó rí ojútùú, ṣùgbọ́n ó rí i: ẹ̀rọ tó ń ṣí fálífù kí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti fún pọ̀ jáde dànù, kí ipá òkè máa tán sórí fífún afẹ́fẹ́. Ọdún 1961 ni ilé iṣẹ́ Jacobs gbé e jáde. Òun ló ń dún gbàgbàgbà lára àwọn tìrélà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tòhóòmù dísẹ́ẹ̀lì ńlá ní in tàbí ohun tó jọ ọ́. Èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù, tí wọ́n ń yá bàbá onísinmi, kò ní in. Bọ́tìnnì kan ló ní, tow/haul ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, jíà á máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti di ọkọ̀ mú. Mélòó nínú àwọn ayálò ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?

Ibi tí wọ́n ti ń bójú tó irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, lójú tèmi, ni Pikes Peak, ní Colorado yẹn kan náà. Orí òkè náà ga tó 14,115 ẹsẹ̀ bàtà, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn tó máìlì 19. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ wálẹ̀, wọ́n á dá a dúró ní Glen Cove, òṣìṣẹ́ á na ẹ̀rọ ìwọn-ooru sí ẹsẹ̀ táyà. Bó bá gbóná jù, awakọ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á jókòó tì í títí yóò fi tutù. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń bi awakọ̀ bóyá onítìrélà ni tàbí onísinmi. Irin ni wọ́n ń bi, irin kì í sì í purọ́. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, tó ń gbóòórùn bíréèkì ara rẹ̀, ti gba ẹ̀kọ́ tí pátákó mẹ́wàá kò lè kọ́ ọ.

Ọgbà Glacier ní Montana gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n lé ọkọ̀ ńlá padà. Lórí Going-to-the-Sun Road, tí wọ́n parí lọ́dún 1932, ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ, tàbí tó fẹ̀ ju 8 lọ pẹ̀lú dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá láti Avalanche dé Rising Sun. Mo fara mọ́ ọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíréèkì nìkan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdí ọkọ̀ ni. Ìdí mọ́tòhóòmù yọ gùn kọjá táyà ẹ̀yìn. Bí iwájú bá ṣẹ́ sọ́tùn-ún, ìdí á jù sósì, sára ẹni tó ń bọ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ awakọ̀ tó lè mú ọ̀nà fẹ̀ sí i.

I-70 ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2019, tìrélà tó kó pákó, tí awakọ̀ rẹ̀ ní bíréèkì ti já, ti orí òkè bọ̀ wá kọlu àwọn ọkọ̀ tó dúró ní Lakewood. Èèyàn 4 kú. Ọ̀nà àbáyọ, èyí tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ kún kí ọkọ̀ lè rì sínú rẹ̀, wà lójú ọ̀nà. Awakọ̀ náà, ẹni ọdún 23, kò yà sí i. Ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 110, ariwo ta, Gómìnà Jared Polis sọ ọ́ di 10. Gbogbo ayé jiyàn lórí iye ọdún. Ẹ̀kọ́ awakọ̀ kò rí ìdajì àríyànjiyàn náà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní ìwé àṣẹ tìrélà nìyẹn o! Gbogbo ọkọ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yà sínú òkúta yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n kọ sára pátákó tìyẹn náà. Kí wọ́n pa á rẹ́. Kí wọ́n kọ “gbogbo ọkọ̀ tó wúwo”.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ kékeré ti tó fún mọ́tòhóòmù tó wọn 26,000 pọ́n-ùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì le díẹ̀ sí i: bí ọkọ̀ bá ti ju tọ́ọ̀nù 3 àbọ̀ lọ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní C1. Àmọ́ ẹni tó yege ìdánwò kí ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1997 tó pé gba C1 mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ tó kéré jù ló fi dánwò. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Peckham tó gba tirẹ̀ ní 1996 lè gbé ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 7 àbọ̀ gun àwọn òkè Scotland lọ́la. Àbúrò rẹ̀ tó gbà á ní 1998 ní láti lọ ṣe ìdánwò mìíràn.

N kò ní kí wọ́n fòfin de ìgbádùn ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń yá ọkọ̀ yìí máa ń ráyè kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń tú ìgbọ̀nsẹ̀ inú táǹkì dànù. Kí wọ́n ráyè mú un gun òkè kan pẹ̀lú, kí wọ́n jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì tow/haul yẹn, kó sì sọ̀ kalẹ̀ níṣojú wọn, kí wọ́n tó kó kọ́kọ́rọ́ fún un.