Bí A Ti Ń Jà, Bí Ká Kú Kọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àmì-Ẹ̀yẹ Ìjà Tí Ó Dára Jù Lọ́dún

Àwọn baba wa ní bí a ti ń jà, bí ká kú kọ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn kan wà tí ń jẹ́ The Ring. Nat Fleischer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀ ní 1922, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni ó sì fi gba orúkọ. Láti 1945 ni ó ti ń yan ìjà kan lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó dára jù lọ. Bí a bá fẹ́ pe orúkọ ìwé náà ní Yorùbá, Agbo ni à bá pè é. Ẹni tí ó bá sì mọ ohun tí agbo jẹ́ láàrin wa mọ̀ pé kì í ṣe àwọn tí ń jó nìkan ni ó ni ín. Àwọn tí ń wòran náà wà níbẹ̀, wọ́n sì ní ojúṣe tiwọn.

Ní Ìbàdàn, ẹjọ́ kan wà tí àwọn àgbà kò fẹ́ kí ó parí. Mo ti gbọ́ ọ ní Bẹẹrẹ, mo ti gbọ́ ọ ní Ọjà'ba, mo sì ti bá bàbá kan jiyàn lórí rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹjọ́ náà ni pé wọ́n rẹ́ Ìbàdàn jẹ ní 1963. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún náà, Dick Tiger, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà ní Liberty Stadium, èyí tí à ń pè ní Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ìgbà kẹta tí wọ́n pàdé nìyẹn. Tiger ti gba ipò ọ̀gá àgbáyé lọ́wọ́ Fullmer ní San Francisco ní 1962, wọ́n sì ti ta ọ̀mì ní Las Vegas ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963. Ní Ìbàdàn, Tiger da ẹ̀ṣẹ́ bò ó títí. Lẹ́yìn abala keje, àwọn tí ó dúró ti Fullmer ní igun rẹ̀ ní ó tó, wọn kò jẹ́ kí ó jáde fún ẹ̀kẹjọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún parí, ìjà Cassius Clay àti Doug Jones, tí wọ́n jà ní New York ní oṣù Máàṣì, ni The Ring dá lọ́lá.

Bàbá náà sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, nítorí pé Ìbàdàn ni." Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwé náà kò kórìíra Tiger: òun ni ó yàn ní akànṣẹ́ ọdún 1962, ó sì tún yàn án ní 1965. Kò kórìíra Áfíríkà: ìjà Ali àti Foreman ní Kinshasa ni ó gba ti 1974. Ohun tí ó ń wá ni ìjà tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹni tí yóò borí. Ti Clay àti Jones rí bẹ́ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹwòran fi pariwo lòdì sí ìdájọ́ tí ó gbé Clay lékè. Ti Ìbàdàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àpá Fullmer kò ká Tiger mọ́. Ní 1968, nígbà tí Tiger ti di ẹni ọdún 39, tí ipò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ogun abẹ́lé sì ń jà nílẹ̀ wa, ó bá Frankie DePaula jà ní New York. DePaula gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì; Tiger dìde, òun náà gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì borí. Ìjà yẹn ni ó gba ti ọdún náà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn í sọ kò ní bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ibi tí èmi ti bá wọn ní ọ̀rọ̀ ni ti 1991. Ní ọjọ́ 15 oṣù Júùnù ọdún náà, ọmọ Yorùbá kan, Akeem Anífowóṣe, tí wọ́n ń pè ní Kid Akeem, bá Robert Quiroga jà ní San Antonio ní Texas, ìlú Quiroga fúnra rẹ̀. Ipò ọ̀gá IBF fún àwọn akànṣẹ́ tí kò wọ̀n ju nǹkan bíi kílò 52 lọ ni wọ́n dù. Kò sí ẹni tí ó tí ì borí èyíkéyìí nínú wọn rí. Abala 12 gbáko ni wọ́n fi lu ara wọn. Kò sí ẹni tí ó sá, kò sì sí ẹni tí ó là wọ́n. Àwọn onídàájọ́ gbé e fún Quiroga. Lẹ́yìn náà ni Akeem ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i nínú ọpọlọ. Kò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò tún jà mọ́. Ó padà sí Nàìjíríà, ó sì kú ní 1994 láìtí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìjà yìí ni The Ring pè ní èyí tí ó dára jù lọ ní 1991. Oṣù mẹ́fà wà láàrin ọjọ́ ìjà náà àti òpin ọdún. Ohun tí ó ṣe Akeem kì í ṣe àṣírí.

Ẹnìkan yóò sọ pé àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ni ó ṣe é léṣe, ìgboyà rẹ̀ ni wọ́n yìn, àti pé bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a ti jà á lólè lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Èmi náà kò fẹ́ kí á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń bá wí ni ọ̀rọ̀ náà, "dára". Èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀: a lè ní ìjà náà le, ó gbóná, ó ga, ó kún fún ìgboyà. Ṣùgbọ́n àwa tí a ní ìwà lẹwà kì í pe nǹkan ní dáradára kí á má bèèrè ibi tí ó já sí.

Ní 1963 kan náà, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé eré Lánke Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn láti inú ìwé Amos Tutùọlá. Lánke lọ sí ìlú àwọn òkú, ó sì padà. Eré parí, òṣèré tẹríba, a pàtẹ́wọ́. Ó tọ́ kí á yin eré orí ìtàgé fún ewu inú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ṣubú yóò dìde. Bí ẹni pé ẹni tí ó ṣubú nínú agbo ẹ̀ṣẹ́ náà yóò dìde ni àmì-ẹ̀yẹ yìí ṣe ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí alárìíwísí ni láti mọ ìṣubú tí í ṣe eré yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe eré.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé lílà ń ba ìjà ńlá jẹ́. Ìjà Ali àti Frazier ní Manila ni ìwé yìí kan náà yàn fún 1975. Nígbà tí ó ku abala kan ṣoṣo, Eddie Futch, olùkọ́ Frazier, rí i pé ojú ọmọ náà ti wú, kò ríran dáadáa mọ́. Frazier fẹ́ tẹ̀ síwájú, Futch kọ̀. Ìjà náà kò kéré nítorí èyí. Ohun tí Futch ṣe wà lára ohun tí a fi ń rántí rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń wọn ìjà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí wọ́n bèèrè: báwo ni wọ́n ṣe jà, kí ni ó ná wọn, àti pé ta ni ó ní agbára láti là wọ́n, ṣé ó sì lò ó? Kí wọ́n kọ ìdáhùn kejì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ 1991 ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà Ọjà'ba kò sì níláti bínú mọ́. Fullmer kò tún jà lẹ́yìn ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó délé, ó sì wà láyé títí di 2015. Ìlú wa kò gba àmì-ẹ̀yẹ. Ó rí ọ̀gá tí ó borí, ó sì rí àwọn tí ó mọ ìgbà tí ó tó. Ní tèmi, èyí ni mo pè ní ìjà tí ó dára.