CorelDRAW Nílé Onílé

Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ dísáìnì fún títẹ̀ ní Festac àti káàkiri Amúwó-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó ló mọ̀ pé CorelDRAW ni èdè ọjà wa. Oníbàárà á mú iṣẹ́ ọdún tó kọjá wá nínú fúláàṣì, fáìlì CDR, ti CorelDRAW, ni. Àwọn tó ń tẹ fulẹ́ẹ̀sì ní Agboju á ní kí ẹ fi CDR ránṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ débi pé a gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé Kọ́rẹ́lì wo lẹ fi ṣe é. Èmi náà, Kọ́rẹ́lì ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n kò sí Windows lórí kọ̀ǹpútà mi. Linux ló wà níbẹ̀, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ilé-iṣẹ́ Corel ti ta CorelDRAW fún Linux gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fẹ́ yìn nìyí: ká mú ètò tí wọn kò ṣe fún ibì kan, ká mú un ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó ṣiṣẹ́ débi pé ẹni tó gba káàdì ìgbéyàwó lọ́wọ́ wa kò ní mọ̀.

Owó ló kọ́kọ́ gbé ọ̀pọ̀ wa dé orí Linux. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ là ń lò, láti Alaba tàbí Computer Village ní Ìkẹjà. Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ mọ́, àmọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ. Ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń béèrè ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò tíì pẹ́ jù. Ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì wa kò dé ìran yẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì lágbára láti ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Linux kò bi wọ́n ní ọjọ́ orí.

Ká ní owó nìkan ni, mi ò ní jókòó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ nígbà tí mo rí inú iṣẹ́ náà.

Wine ni orúkọ ètò tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Bob Amstadt àti Eric Youngdale ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1993. Alexandre Julliard gba ìdarí rẹ̀ lọ́dún 1994, kò sì gbé e sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ètò tí wọ́n kọ fún Windows kì í dá nǹkan ṣe. Bó bá fẹ́ ṣí ojú ìwé, bó bá fẹ́ fa ìlà, bó bá fẹ́ ka fọ́ọ̀ntì, Windows ló ń bẹ̀, orúkọ tí Windows mọ̀ ló sì fi ń bẹ̀ ẹ́. Lórí Linux, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú ní Festac, tí pásítọ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, tí ògbifọ̀ dúró tì í tó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ti rí ohun tí Wine ń ṣe. Ògbifọ̀ tó mọṣẹ́ kì í dá ìwàásù dúró. Bí pásítọ̀ bá ṣe ń pa ẹnu dé ni tirẹ̀ ń jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wine: kò sí Windows tó fara pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó ń lò ó. Ọ̀nà mìíràn wà lóòótọ́, èyí tí èèyàn fi ń gbé odindi Windows sínú Linux, ṣùgbọ́n ìyẹn ń jẹ mẹ́mọ́rì gan-an, ó sì tún ń béèrè láísẹ́ńsì Windows. Wine kò béèrè ìkankan nínú méjèèjì.

Ọdún 15 ló gbà wọ́n kí wọ́n tó fi orúkọ 1.0 pe Wine, ní 17 oṣù kẹfà ọdún 2008. Inú àwa oníṣẹ́ àwòrán gbọ́dọ̀ dùn sí èyí: Photoshop CS2 wà lára ìwọ̀nba ètò tí wọ́n pinnu pé ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó lè pè é ní 1.0. Google ló san owó fún CodeWeavers, ilé-iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ Wine ń bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè tún àwọn ibi tí Photoshop ti ń kọsẹ̀ ṣe.

Ìtàn Corel fúnra rẹ̀ tún dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ọdún 1999 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ náà, ní Ottawa ní ilẹ̀ Kánádà, gbé Linux tirẹ̀ jáde, orí Debian, Linux mìíràn, ni wọ́n kọ́ ọ lé. Lọ́dún 2000, wọ́n mú CorelDRAW 9 wá fún Linux. Wọn kò tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìpìlẹ̀. Wine ni wọ́n gbé e lé, àwọn ẹnjiníà wọn sì dá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe padà sínú Wine kí gbogbo èèyàn lè jàǹfààní rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Microsoft fi 135 mílíọ̀nù dọ́là sínú Corel. Lọ́dún 2001, Corel ta ẹ̀ka Linux rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Xandros, ọ̀nà sì dí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti fi sínú Wine kò ṣeé gbà padà. Bí CorelDRAW bá ṣí lójú mi ní Festac lónìí, mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn tó ṣe CorelDRAW wà nínú ohun tó ṣí i. Ogún ni mo ka ìyẹn sí, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ lò ó.

Níbi iṣẹ́ gan-an, fólídà ló ṣáájú. Gbogbo ohun tí CorelDRAW rò pé Windows ni, C: rẹ̀, fọ́ọ̀ntì rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ gbogbo ètò rẹ̀ sí, inú fólídà kan ṣoṣo ló wà, prefix là ń pè é. Mo máa ń ya prefix kan sọ́tọ̀ fún CorelDRAW, mo máa ń ya òmíràn fún Photoshop, kí ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ má baà ba ti èkejì jẹ́. Bó bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa, mo máa ń da fólídà náà kọ sórí háàdì ìta. Bí ìdánwò tuntun bá bà á jẹ́, mo pa á rẹ́, mo dá ẹ̀dà rẹ̀ padà, iṣẹ́ oníbàárà sì ń lọ. Ẹni tó bá ti tún Windows fi sórí kọ̀ǹpútà rí, tó fi odindi ọjọ́ kan wá fọ́ọ̀ntì rẹ̀ padà, á mọ ìdí tí mo fi ń yin fólídà.

Terminal, ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣí ètò náà nígbà àkọ́kọ́, kí n lè gbọ́ ohun tí Wine ń sọ. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fixme á máa dà wálẹ̀. Ọmọṣẹ́ tuntun á pariwo pé, "Ọ̀gá, ó ti bàjẹ́ o!" Kò bàjẹ́. Àwọn tó kọ Wine ló fi ń rán ara wọn létí pé ibí yìí kò tíì parí. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú err ni kí èèyàn fara balẹ̀ kà. Bó bá sọ pé òun wá fáìlì MFC42.DLL, òun kò rí i, ó ti dárúkọ ohun tó ń fẹ́. A fi winetricks, ètò tó ń bá Wine wá irú fáìlì bẹ́ẹ̀, gbé mfc42 fún un, a tún un ṣí, ó tún lè béèrè òmíràn. À ń fún un, ó ń béèrè, títí ojú ìwé funfun CorelDRAW á fi yọ, rúlà lókè, rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀ tò lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lápá ọ̀tún. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò rí ayọ̀ tó jọ ọ́. Mo ti lo CorelDRAW lórí Windows fún ìgbà pípẹ́ láìmọ ohun tó gbára lé. Wine ló mú kí n mọ ohun tó ń jẹ, ohun tó ń mu, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá fẹ́ fi àwọ̀ kun òdòdó.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Ìyá ìyàwó mọ àwọ̀ aṣọ ẹbí rẹ̀. Bí ti orí bánà bá yàtọ̀ sí ti ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti wàhálà. Àwọn fáìlì ICC ló ń sọ bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí àwọ̀, inú windows/system32/spool/drivers/color sì ni CorelDRAW ti ń wá wọn. Inú drive_c tó wà nínú prefix ni mo ń dà wọ́n sí, ní ojú ọ̀nà yẹn gan-an. Mo tún ń tẹ kékeré wò kí a tó tẹ ńlá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó kàn mí lọ́kàn jù ni àmì ohùn. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9; ọ ní tirẹ̀, U+1ECD; ṣ ní tirẹ̀, U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ló para pọ̀: lẹ́tà, lẹ́yìn náà àmì. Ètò tó ń to ọ̀rọ̀ àti fọ́ọ̀ntì gbọ́dọ̀ jọ mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. CorelDRAW X6 tó jáde lọ́dún 2012 ni wọ́n tó fún ní ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ tuntun tó mọ OpenType lò. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣì ń lò, máa ń gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kí wọ́n fi àpótí òfìfo dípò rẹ̀. Dísáìnà á wò ó, á rí i pé ó burú, á yọ gbogbo àmì kúrò. Bí orúkọ olóògbé ṣe ń dé orí pósítà ìsìnkú lọ́nà Mile 2 láìní àmì kan nìyẹn. Àwọn èèyàn á ní dísáìnà kò mọ Yorùbá. Ó mọ̀ ọ́n. Irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà fún un.

Nígbà tí Erhabor Emokpae ya àmì àjọ̀dún FESTAC '77, tó gbé e ka ìbòjú ehín erin Ìyọba Idia tí British Museum kò yá wa, kò sí kọ̀ǹpútà kan tó lè sọ fún un pé ìlà báyìí kò ṣeé fà. Àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn náà, bí wọ́n bá fẹ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ ọ, wọ́n á fi í síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló gba òmìnira yẹn lọ́wọ́ wa, orí Linux sì ni mo ti rí i gbà padà. Kíìbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ ti Nàìjíríà. Inkscape, ètò ìyàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, ń fi Pango àti HarfBuzz to ọ̀rọ̀, àwọn yẹn sì mọ bí àmì ṣe ń jókòó. Mo máa ń kọ orúkọ náà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀ntì Gentium tàbí Charis, mo sọ ọ̀rọ̀ di ìlà kí ó má baà tún tú mọ́, mo fi í pamọ́ bí EPS, mo sì ṣí i nínú CorelDRAW tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú kan náà. Mo mọ̀ pé Inkscape wà fún Windows, mo sì mọ̀ pé Windows náà ní kíìbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ṣùgbọ́n mi ò ronú wá wọn rí nígbà tí mo wà níbẹ̀. Wine ló jẹ́ kó mọ́ mi lára láti máa béèrè pé kí ló wà lábẹ́ èyí, ta ló ń ṣe é, ṣé ẹlòmíràn lè bá mi ṣe é.

Nísinsìnyí, bí màmá kan bá mú Bíbélì wá, tó fi ìka tọ́ka sí orúkọ tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀, tó ní, "Ọmọ mi, bó ṣe kọ ọ́ yìí ni kó o bá mi kọ ọ́ o," mo lè dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní kí n kúkú fi CorelDRAW sílẹ̀, kí n máa lo Inkscape nìkan. Mo fẹ́ràn Inkscape, àmọ́ iṣẹ́ oníbàárà mi ti wà nínú CDR láti ọjọ́ pípẹ́. Inkscape lè ṣí ọ̀pọ̀ CDR, ṣùgbọ́n PowerClip àti àwọn ọ̀ṣọ́ mìíràn lè dà rú níbẹ̀, oníbàárà kò sì ní gbọ́ àlàyé.

Gbogbo ètò kọ́ ló ń gbà fún Wine. Photoshop CS6, tó jáde lọ́dún 2012, ń bá a gbé dáadáa. Láti 2013 tí Adobe ti gbájú mọ́ Creative Cloud, tí wọ́n ń gbowó oṣù, tí ètò sì ń fẹ́ kí èèyàn wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí, ibi fífi sórí kọ̀ǹpútà àti ibi wíwọlé yẹn ni Wine ti máa ń há. CorelDRAW tuntun náà rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀yà àtijọ́ tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tó sì mọ̀ dunjú, tó fún iṣẹ́ tó dára. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀dà jíjí o. Ẹni tó ń jẹun lára àwòrán mọ bó ṣe ń dunni tí wọ́n bá jí iṣẹ́ ẹni lò.

Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Satellite Town dé Apple Junction bá mi ṣe nǹkan kan. Wine ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn lórí ohun tí kò ṣiṣẹ́, Bugzilla ni wọ́n ń lò. Àwọn tó ń kọ Wine ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kì í kọ ọ̀, wọn kò lè mọ̀ pé àmì rẹ̀ jábọ́ àfi tí a bá sọ fún wọn. Ẹ kọ ẹ̀yà Wine tí ẹ ń lò, ẹ̀yà CorelDRAW, orúkọ fọ́ọ̀ntì, ọ̀rọ̀ kúkurú kan tí ẹ tẹ̀, àwòrán bó ṣe jáde àti àwòrán bó ṣe yẹ kó jáde, kí ẹ sì da gbogbo ohun tí terminal sọ mọ́ ọn. Èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi ti ń kó tiwa jọ. Èyí tó kan ẹ̀ àti ọ̀ la fẹ́ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, nítorí inú orúkọ èèyàn ni wọ́n ti ń bàjẹ́ jù.