Ẹni Tí Ó Mọ̀ Ọ́n àti Ẹni Tí Ó Ń Kọ Ọ́: Owó Ìwádìí nínú Orin àti Ijó Ìjìnlẹ̀ Íńdíà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀ràn owó ìwádìí mu nínú orin àti ijó ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà. Aṣọ ni ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ní ọdún méjì. Àkísà ni ogún ọdún tí olórin fi jókòó ti olùkọ́ rẹ̀. Ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ti ń ná owó láti ọjọ́ pípẹ́ kí àwọn ènìyàn lè wádìí iṣẹ́ ọnà wọ̀nyí, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: nígbà tí owó bá jáde, ta ni à ń pè ní olùwádìí, ta ni a sì kàn ń pè ní ẹni tí a wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀? Orí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni iyì owó náà dúró lé.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ohun méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀. Ní Íńdíà, orúkọ kan ni wọ́n fi ń pe oyè tí a fi ń yẹ́ àgbà olórin sí àti owó tí a fi ń rán olùwádìí níṣẹ́. Sangeet Natak Akademi, ẹgbẹ́ ìjọba fún orin, ijó àti eré, tí a ṣí ní 1953, a máa fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá àwọn ọ̀gá lọ́lá. Àwọn tí ó wà láàyè tí ó jẹ oyè náà kì í ju 40 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlá fún iṣẹ́ tí a ti ṣe ni èyí. Owó ìwádìí ní tirẹ̀ dà bí irúgbìn tí a fi lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ kí òjò tó rọ̀. Òun ni a ó yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ohun tí ó mú ọ̀ràn náà ṣòro ni irú ìmọ̀ tí ó wà nínú orin yìí. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni rágà àti tálà. Tálà ni ìṣirò ìlù tí ń yí po tí ó sì ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Rágà ni ọ̀nà tí ohùn ń gbà rìn. Ẹni tí ó bá rò pé àkójọ ohùn lásán ni rágà yóò ṣìnà. Rágà Bhupali àti rágà Deshkar ní ohùn márùn-ún kan náà. Kò sí èyí tí ó fi ohùn kan ju èkejì lọ. Síbẹ̀ alẹ́ ni wọ́n ń kọ Bhupali, ohùn kẹta lórí àtẹ̀gùn ohùn ni ó sì ń gbé ga. Òwúrọ̀ ni ti Deshkar, ohùn kẹfà ni ó sì ń fi ara tì. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín igba, igbá àti ìgbà yóò tètè mọ̀ pé lẹ́tà kan náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. A lè kọ ohùn márùn-ún wọ̀nyí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n bí ohùn ṣe ń yọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ibi tí ó ti ń sinmi àti ibi tí kò gbọdọ̀ sinmi, ẹnu olùkọ́ ni a ti ń gbọ́ ọ, ní àìmọye òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ijó rí: àwòrán lè fi ibi tí ọwọ́ wà hàn, kò lè fi bí ojú ṣe ń tọ ọwọ́ lẹ́yìn hàn. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ yìí fi dúró lórí ìbátan gúrù àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ilé orin kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ogún bàbá.

Ẹni tí a gbọdọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ láàárín àwọn olùwádìí òde òní ni V. N. Bhatkhande (1860–1936). Agbẹjọ́rò ni, ní Bombay. Ní 1904 ó rìnrìn àjò lọ sí gúúsù Íńdíà, lẹ́yìn náà ó rìn káàkiri àwọn ìlú mìíràn. Ó ń wá ìwé àtijọ́, ó ń bá àwọn olórin jíròrò, ó sì ń fi àmì kọ orin wọn sílẹ̀. Ó pín àwọn rágà ìhà àríwá sí abẹ́ orí 10 tí à ń pè ní thaat. Àkójọ orin rẹ̀ di ìdìpọ̀ mẹ́fà. Òun ni ó ṣe agbátẹrù ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ orin ní Baroda ní 1916, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Lucknow ní 1926. Bí kò bá sí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ orin tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ lónìí ì bá ti bá àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wọ ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú iṣẹ́ ńlá yìí náà ni a ti rí àléébù tí owó ìwádìí jogún. Bhatkhande a máa ráhùn pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá olórin, àwọn ustad, kò mọ ohun tí ó wà nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí a fi èdè Sanskrit kọ. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà. Síbẹ̀ kì í ṣe inú ìwé Sanskrit ni àwọn orin inú ìdìpọ̀ mẹ́fà náà ti wá. Ẹnu àwọn ọ̀gá wọ̀nyí gan-an ni. Ẹni tí kò mọ ìwé ni ó mọ orin, ẹni tí ó mọ ìwé ni ó gba orúkọ onímọ̀. A kò lè sọ pé Bhatkhande fi ibi san oore, nítorí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sin orin. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó fi wọn ìmọ̀ kò gba gbogbo ohun tí ó bá lórí àtẹ.

Ìwọ̀n yìí kan náà ni a tún rí nínú owó tí Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Àṣà ń pín ní Íńdíà. Nínú ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé láàárín 2010 sí 2020, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 25 sí 40 lè gba 10,000 rúpì lóṣù. Ẹni tí ó ti lé ní 40 lè gba 20,000 rúpì lóṣù. Ọdún méjì ni owó náà sì wà fún. Nǹkan bí 400 ènìyàn ni wọ́n ń yàn lọ́dún, nínú gbogbo iṣẹ́ ọnà, kì í ṣe orin àti ijó nìkan. Olùwádìí a máa kọ ìròyìn ránṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ètò mìíràn wà fún àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 18 sí 25, tí wọ́n fi ń fún wọn ní 5,000 rúpì lóṣù láti fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́.

Ó yẹ kí a yin ètò yìí, nítorí kò pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ọlọ́lá kí ó tó jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́fà tó fún ẹni tí ó ń ka ìwé àtijọ́ láti rí ohun kan kọ. Kò tó fún ẹni tí ó ń kọ́ rágà kan ṣoṣo dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò béèrè owó fún ohun tí ó rọrùn láti kọ ìròyìn lé lórí: ìtàn olórin kan, oríṣi ìlù kan, àkójọ orúkọ. Ohun tí ó jinlẹ̀ jù lọ yóò sì dúró sí ìta, nítorí pé kò mọ bí a ṣe ń jíṣẹ́ ara rẹ̀ lórí tákàdá. Bí a bá fi igbá wọn omi, a ó mọ iye rẹ̀. Bí a bá fi igbá wọn afẹ́fẹ́, ẹ̀bi igbá kọ́, ẹ̀bi ẹni tí ó mú igbá lọ ni.

Bí ọ̀ràn yìí ti rí nínú orin, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ijó gúúsù tí à ń pè ní Bharatanatyam. Àwọn obìnrin tí a fi jìn fún tẹ́ńpìlì, àwọn devadasi, àti àwọn ọkùnrin olùkọ́ ijó inú ẹbí bẹ́ẹ̀, ni wọ́n pa á mọ́ láti ìran dé ìran. Ní 1936 Rukmini Devi Arundale dá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di Kalakshetra sílẹ̀ ní Madras, ìlú tí a ń pè ní Chennai lónìí, àwọn ọmọ ilé ọlọ́lá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ijó náà. Ní 1947 òfin ìjọba Madras fi òpin sí fífi ọmọbìnrin jìn fún tẹ́ńpìlì. Òfin náà ní ìdí tirẹ̀, nítorí ìyà ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ijó di ẹ̀kọ́ tí ó níyì, ẹ̀gàn tí a ti dà lé orí àwọn tí ó ni í kò tètè kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹni tí a ń lọ béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kì í sì í pè wá síbi tí a ti ń jíròrò rẹ̀.

Ìdílé kan fi hàn pé kò di dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Veena Dhanammal (1867–1938) jẹ́ ọ̀gá nínú orin ní Madras. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Balasaraswati (1918–1984), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí oníjó tí ó ga jù ní ìgbà tirẹ̀. Ní 1959 òun àti V. Raghavan, onímọ̀ Sanskrit, jọ kọ ìwé lórí ijó náà ní èdè Tamil. Orúkọ ẹni tí ó ń jó àti ti ẹni tí ó ń kàwé wà pọ̀ lára ìwé kan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni T. Viswanathan, afunfèrè. Ní ẹ̀wádún 1960, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jon Higgins, gba owó Fulbright, ó sì lọ kọ́ orin lọ́dọ̀ Viswanathan ní Madras. Ó kọ́ ọ débi pé ó kọrin níbi àjọ̀dún Tyagaraja ní Tiruvaiyaru, àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè é ní Bhagavatar, orúkọ tí a fi ń bọlá fún akọrin. Nígbà tí ó yá, ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí orin ijó Bharatanatyam. Ọ̀nà tí ó gbà ni kí a kíyè sí: ó kọ́kọ́ di ọmọ ẹ̀yìn kí ó tó di òǹkọ̀wé. Ní 1975 Viswanathan fúnra rẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Wesleyan ní Amẹ́ríkà, lórí bí akọrin ṣe ń tú rágà palẹ̀ kí orin gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a ti ń wádìí lẹ́nu rẹ̀ di ẹni tí ó kọ ìwádìí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tí ITC Sangeet Research Academy tọ̀ ní Kolkata láti 1977. Ilé-iṣẹ́ ITC, tí ó ti inú òwò tábà dìde, ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá olórin ń gbé inú ọgbà náà, wọ́n sì ń gba owó; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a yàn ń gba owó ìtọ́jú, wọ́n sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan fún ọdún púpọ̀. Orin tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ níwájú àwọn àgbà ni a fi ń dán an wò. Ibẹ̀ ni Rashid Khan (1968–2024) ti dàgbà lábẹ́ Nisar Hussain Khan, ìbátan rẹ̀ àgbà. Ibẹ̀ náà ni Ajoy Chakrabarty ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó di olùkọ́. Àléébù rẹ̀ kò fara sin: àpò ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́, àwọn tí ó sì lè wọlé kéré níye. Ṣùgbọ́n ó yanjú ohun tí ètò ìjọba kò yanjú: owó dé ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, bí ó ti dé ọwọ́ ẹni tí ó ń kọ́ ọ.

Ẹnìkan lè wí pé bí a kò bá kọ̀wé, ikú ọ̀gá kan a di ikú orin kan. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyí tí ibi ìpamọ́ ohùn tí American Institute of Indian Studies dá sílẹ̀ ní 1982 fi ṣe pàtàkì, níbi tí a kó ohùn tí àwọn olùwádìí gbà sílẹ̀ padà sí Íńdíà, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà lè gbọ́ ọ. Ìwé àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá gúrù. Wọ́n jẹ́ àká. Ṣùgbọ́n àká kì í gbin iṣu. Ẹni tí ó bá ń kọ́ àká tí ó gbàgbé oko, ebi ni yóò kẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a lè fi mọ owó ìwádìí tí ó dára. Èkíní, ṣé apá kan rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́, ṣé orúkọ olùkọ́ sì wà níbi tí orúkọ òǹkọ̀wé wà? Èkejì, ṣé àkókò tí a fún iṣẹ́ náà bá ìjìnlẹ̀ rẹ̀ mu? Ẹ̀kẹta, ṣé a gba kí orin tí a kọ tàbí ijó tí a jó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìmọ̀, kí ìwé sì jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ètò ìjọba Íńdíà jẹ gbèsè nínú ìbéèrè kejì. Ilé Kolkata dáhùn ẹ̀kẹta dáadáa. Ìdílé Dhanammal àti àwọn tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ni ó sì fi ìdáhùn sí èkíní hàn. Ìbéèrè wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ti onílù dùndún tàbí oníjàálá pẹ̀lú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú kan ṣe ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọnà rẹ̀, kí ó má ṣe ka iye ìwé tí a kọ nìkan; kí ó béèrè bóyá ẹni tí a ti ẹnu rẹ̀ kọ ọ́ rí oúnjẹ jẹ, bóyá ó sì ní ọmọ ẹ̀yìn.