Ìwé Ni Ẹlẹ́rìí: Lámèyítọ́ Le Mandat láti Abidjan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí wọ́n bá dí lọ́wọ́ láìtọ́ láti yá owó kọ́lé, ibi ìsinmi rẹ̀ ni wọ́n gbà. Ojú yìí ni a fẹ́ fi ka Le Mandat, ìtàn tí Sembène Ousmane, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, tẹ̀ jáde ní 1966, tí ó sì sọ di fíìmù Mandabi ní èdè Wolof ní 1968.

Ibrahima Dieng, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Dakar, gba ìwé tí ó fi lè gba 25,000 fráǹkì CFA tí ìbátan rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Paris. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ béèrè káàdì ìdánimọ̀. Káàdì kò ṣeé gbà láìsí ìwé ìbí. Ìwé ìbí kò sì ṣeé rí láìmọ ọjọ́ ìbí. A máa ń ka ìtàn yìí sí ẹ̀fẹ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Èrò tiwa ni pé ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin kan náà ni wọ́n fi ń lọ tolówó tòtòṣì. Síbẹ̀ ẹni tí kò mọ̀wé ni òfin náà ń tì síta.

Ní 1968 kan náà, Amẹ́ríkà ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ torí àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí orírun ènìyàn fi ilé tàbí ẹ̀yáwó ilé dù ú. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ gbà pé, lábẹ́ òfin yìí, ìlànà tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni lè jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ bí àbájáde rẹ̀ bá ń pa àwọn kan lára láìnídìí. Sembène ti fi èyí hàn wá ṣáájú.

Dieng kò jìnnà sí wa ní Abidjan. Láti 2013, ìwé tí à ń pè ní ACD ni ìjọba Côte d'Ivoire fi ń fún ni ní ilẹ̀ ìgboro ní kíkún. Ó ṣòro fún ẹni tí kò níwèé láti fi ilẹ̀ dógò ní báǹkì. Báǹkì a sì máa béèrè ìwé owó-oṣù. Ìyá oníṣòwò ọmọ Èjìgbò ní Treichville lè ti dá èsúsú fún ogún ọdún láìyẹ̀. Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù. Abala 4 nínú òfin ìpìlẹ̀ ti 2016 sọ pé a kò gbọdọ̀ torí ẹ̀yà, ọrọ̀ tàbí ìyàtọ̀ èdè ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Síbẹ̀, fọ́ọ̀mù èdè Faransé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ibì kan wà tí a ti bá òǹkọ̀wé jiyàn. Mbarka onísọ́ọ̀bù kò béèrè ìwé kí ó tó tajà láwìn fún ilé Dieng, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ilé náà. Òtítọ́ ńlá ni èyí: ẹni tí báǹkì bá tì síta, ọwọ́ irú Mbarka ni yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta ń bẹ. Samuel Johnson ti ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Èsúsú ní olórí, ó ní ìṣirò, ó sì ní ìtìjú tí ń lé ajigbèsè san owó. Ẹ̀rí ni, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́wọ́ Sembène, ìgbẹ́kẹ̀lé àárín aládùúgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtọrọ lásán.

Ní ti èdè, Dieng kò lè ka ìtàn ara rẹ̀ ní Faransé, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ fíìmù náà yékéyéké. Ẹ̀kọ́ fún àwa olùkọ́ èdè nìyẹn. A ní èlé, ìdógò àti onígbọ̀wọ́. A ní ìwọ̀fà tí ń rán wa létí pé ènìyàn gan-an ni wọ́n ń fi dógò nígbà kan rí. Inú òwe nìkan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n kọ ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó. Ẹni tó bá lè ka ohun tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí ni yóò lè béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ̀ fún un.