Bọ́ọ̀dù Tó Ń Lùlù fún Irin

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlaròó, ẹ̀rọ agbẹ́gi kan wà tí mo fọwọ́ ara mi tò. Mọ́tọ̀ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀: ọ̀kan ń gbé bíìtì, irin tó ń gbẹ́ igi, lọ sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kan ń gbé e lọ síwájú sẹ́yìn, ẹ̀kẹta ń rì í bọ inú igi, ó sì ń fà á jáde. Mọ́tọ̀ ni gbogbo àlejò máa ń wò. Èmi a nàka sí bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri: òun ni ọ̀gá wọn.

Irú mọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní stepper ni wọ́n, kì í ṣàdédé yí. Ìṣísẹ̀ ló fi ń yí, 200 fún òbìrí kan. Dráífà tó ń wọn iná fún un tún pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 8, ó di 1,600. Òbìrí kan ń sún bíìtì ní mìlímítà 5. Kí bíìtì tó rin mìlímítà kan péré, bọ́ọ̀dù ti rán iná sí dráífà ní ìgbà 320, kíá-kíá, bí ẹni ń fi ọ̀pá lu ìlù.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé ẹni tó bá ti wo ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílẹ̀ Yewa. Onílù sọ̀rọ̀, irin ẹsẹ̀ oníjó dá a lóhùn, ìró kan sí ìṣísẹ̀ kan, ìlù àti ẹsẹ̀ sì jọ dúró. Ohun tí bọ́ọ̀dù ń ṣe nìyẹn, àmọ́ oníjó tirẹ̀ pé mẹ́ta. Bí mo bá fẹ́ ìlà tó lọ sọ́tùn-ún ní mìlímítà 40, tó tún lọ síwájú ní 30, mọ́tọ̀ kìíní yóò gba ìró 12,800, èkejì yóò gba 9,600. Mẹ́rin fún èyí, mẹ́ta fún ìyẹn, láìyẹ̀, títí dópin. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì dé, ìlà ti wọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pín in báyìí, Jack Bresenham gbé e kalẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní 1962, nítorí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán.

Bọ́ọ̀dù mi kò lójú. Ìró tó rán ló ń kà. Kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ gbé e. Nígbà kan tí mò ń gbẹ́ òdòdó sára ilẹ̀kùn, mo mú eré pọ̀ jù, bíìtì kọlu kókó igi, mọ́tọ̀ kan fo ìṣísẹ̀. Bọ́ọ̀dù ń kà á lọ ní tirẹ̀. Gbogbo ewé tó kù ló yẹ̀ kúrò lórí igi òdòdó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ́ kó fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú eré díẹ̀díẹ̀, kó sì tún rọra kó tó dúró. Bí iná bá lọ, tó sì padà dé, bọ́ọ̀dù kì í rántí ibi tó wà mọ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà lọ fọwọ́ kan súwíìṣì kékeré tó wà níbi ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti oókan.

Bí iṣẹ́ bá ń parí lọ, mo máa ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ kí n lè tẹ́tí. Bí ìlà ìkẹyìn bá dé òpin, ohùn mọ́tọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó fọwọ́ pa igi náà wò ni mo ti mọ̀ pé ọnà gún.