Ẹnu-Ọ̀nà tí Ń Lé Àlejò: Àríwísí lórí Ìkànnì Ayélujára, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà

Oníbàárà tí ó wọ ọjà Ìkàrẹ́ tí kò sì tètè rí ohun tí ó ń wá kì í dúró bá ọlọ́jà ṣàròyé. Ńṣe ni ó ń kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ìyá tí ó ti pẹ́ nídìí òwò mọ èyí dájú. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbá iwájú ìsọ̀ rẹ̀, tí ó ń to ọjà síta níbi tí ojú yóò ti rí i, tí ó sì ń kí ènìyàn kí wọ́n tó kí i. Ìkànnì ayélujára pẹ̀lú, ìsọ̀ ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ni ìkànnì kì í rí ojú ẹni tí ó yà kúrò. Kò gbọ́ òṣé, kò sì gbọ́ “ó dìgbà”. Bí ó bá pẹ́ tí kò rí ẹnìkan, a máa wí pé àwọn ọmọ ìlú kò fẹ́ràn ilé mọ́, tàbí pé ojú àwọn ará Àkókó kò tíì là sí ayélujára. Ẹ̀sùn yìí kò tọ̀nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlejò dé. Ẹnu-ọ̀nà ni ó lé e padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee gbé àbá ìtàkùn ayélujára kalẹ̀ ní ilé-ìwádìí CERN lẹ́bàá ìlú Geneva, nígbà tí ó sì di 1991, ìkànnì àkọ́kọ́ ti ṣí sílẹ̀ fún aráyé. Ní 1996, Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti to àṣìṣe mẹ́wàá lẹ́sẹẹsẹ tí àwọn tí ń ṣe ìkànnì ń ṣe. Lára wọn ni ojú-ewé tí ó pẹ́ kí ó tó ṣí, ìròyìn tí ó ti ṣá, ojú-ewé tí ó dà bí ọmọ òrukàn nítorí tí kò sọ ilé tí ó ti wá, àti ọ̀rọ̀ tí ń sáré kiri bí ẹni tí òjò ń lé. Ọdún púpọ̀ ti kọjá lórí ìwé náà, síbẹ̀ ìbáwí rẹ̀ kò tíì gbó.

Èyí tí ó burú jù nínú wọn fún ilẹ̀ olókè bí Àkókó ni ẹrù wúwo. Ẹni tí ó bá kúrò ní Ìkàrẹ́ tí ó ń lọ sí Ọ̀kà yóò gba Àkùngbá kọjá, òkè àti àpáta ni yóò sì máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ìgbì tí ń gbé ọ̀rọ̀ fóònù kì í la àpáta kọjá ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára lórí òkè lè sọ ọ́ nù bí ó bá sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ká ní ojú-ewé kan wúwo tó mẹ́gábáìtì 5, tí ìsopọ̀ tí ó wà níbẹ̀ sì ń gbé kílóbíìtì 100 péré wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 400 ni ojú-ewé náà yóò gbà kí ó tó ṣí tán, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 7. Ta ni yóò dúró? Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Google kéde pé ìbẹ̀wò 53 nínú 100 tí àwọn ènìyàn ń ṣe pẹ̀lú fóònù ni wọ́n ń pa tì bí ojú-ewé bá ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ kí ó tó ṣí.

Níbo ni ẹrù náà ti wá? Nínú àwòrán ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwòrán kan ṣoṣo tí fóònù òde òní yà a máa tó mẹ́gábáìtì 3 tàbí 4. Bí a bá sì dín in kù sí ìwọ̀n tí ojú fóònù lè gbà, kílóbáìtì ọgọ́rùn-ún tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè tó o, ojú àlejò kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe ìkànnì náà jókòó sí ìlú ńlá níbi tí ìsopọ̀ ti yára, ó gbé àwòrán mẹ́wàá síbẹ̀ bí ó ti yà wọ́n, ó sì ní iṣẹ́ parí. Àlejò ni ó ń san owó ẹrù tí onílé kọ̀ láti sọ̀. Ẹni tí ó ra dátà gígábáìtì 1 kò lè ṣí ojú-ewé mẹ́gábáìtì 5 ju igba ìgbà lọ kí owó rẹ̀ tó tán.

Àṣìṣe kejì ni àìmọ irú àlejò tí ń bọ̀. Àwọn àgbà ní àlejò bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀. Àlejò mẹ́ta ni ó sábà máa ń wá nǹkan nípa ìlú wọ̀nyí lórí ayélujára. Èkíní ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀ wá sí yunifásítì tí ó ti wà ní Àkùngbá láti 1999, tí ó sì ń wá yàrá tí yóò gbà ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà. Èkejì ni oníṣòwò tí ó fẹ́ mọ ọjọ́ ọjà àti ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nípa iṣu. Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí ó fẹ́ mọ àdúgbò tí bàbá náà ti wá. Kí ni irú ìkànnì tí à ń wí yìí ń fi lọ̀ wọ́n? Ọ̀rọ̀ ìkíni alága, ọ̀rọ̀ ìkíni akọ̀wé, àwòrán àpèjẹ, àti oríkì ẹni tí ó dá owó ìkànnì náà. Ọjọ́ ọjà kò sí níbẹ̀. Orúkọ àdúgbò kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ó bá tilẹ̀ wà.

Ẹnìkan lè wí pé kíkí ni àṣà Yorùbá, àti pé ilé tí kò kí àlejò kì í ṣe ilé ọmọlúwàbí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí kì í dá àlejò dúró sójú oòrùn kí ó máa kà oríkì fún un. “Ẹ káàbọ̀” ni ti ẹnu-ọ̀nà. Ìjókòó ni ó tẹ̀ lé e, omi tútù tẹ̀ lé ìjókòó, lẹ́yìn náà ni ìkíni gígùn ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìkànnì bá fi orúkọ ìlú, ibi tí ìlú wà, àti ọ̀nà sí ohun tí àlejò ń wá síwájú, ó ti kí i. Ọ̀rọ̀ alága lè dúró ní yàrá inú, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò wọlé lọ bá a.

Ẹ̀kẹta ni ìròyìn tí ó ti ṣá. Ìkànnì tí ó ṣì ń pe ènìyàn sí ọdún tí wọ́n ti ṣe tán, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò sì já sí ibì kankan, ilé àpatì ni. Àlejò tí ó rí irọ́ kan níbẹ̀ kò ní gba òtítọ́ mẹ́wàá tí ó kù gbọ́.

Ẹ̀kẹrin kan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n èdè gbọ̀ngbọ̀n, òun sì ni ó yẹ kí ó dùn wọ́n jù. Ìkànnì a máa kọ orúkọ ìlú láìsí àmì. Kí ni “Akoko”? Ó lè jẹ́ Àkókó tí í ṣe ilẹ̀. Ó lè jẹ́ àkókò tí í ṣe ìgbà. Ó sì lè jẹ́ akòko, igi tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ joyè. Kí ni “Oka”? Ìlú Ọ̀kà ni, tàbí ọkà tí à ń jẹ, tàbí ọká, ejò olóró? Ọmọ ìlú yóò mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè kò ní mọ̀, ìkànnì tí ì bá kọ́ ọ sì ti di olùkọ́ tí ó yadi. Àwọn mìíràn fi àmì sí i, ṣùgbọ́n wọ́n yan irú lẹ́tà tí kò mọ Yorùbá, tí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò ẹ̀ka ọ̀rọ̀. Àwọn kan ẹ̀wẹ̀ sọ orúkọ ìlú di àwòrán kí ó lè lẹ́wà, ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn wá ọ̀rọ̀ kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan kà níbẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí ìṣòro náà ti ṣẹ̀. Nínú ètò Unicode, tí apá kìíní ìwé rẹ̀ jáde ní 1991, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “ọ” ní tirẹ̀, “ṣ” náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n “ẹ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń so àmì mọ́ lẹ́tà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà lè wà ní ọ̀nà méjì nínú kọ̀ǹpútà, kí ó jọra lójú, kí ẹ̀rọ sì kà á sí ọ̀rọ̀ méjì. Oníṣẹ́ tí ó bá sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan, tí ó yan lẹ́tà tí ó gba àmì, tí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó tẹ “Oka” láìsí àmì rí Ọ̀kà, ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kò ju iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́tà eérú lórí funfun ń fìyà jẹ ojú àgbà. Ìlànà WCAG ti 2008 ní kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà síra tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Orin tí ń ké fúnra rẹ̀ ń dójú ti ẹni tí ó wà láàárín ènìyàn. Ìpolówó tí ń bo ojú-ewé kí àlejò tó ka ìlà kan dà bí ẹni tí ó di ẹnu-ọ̀nà tí ó sì ń béèrè owó.

Ìdájọ́ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, kò sì sí lọ́wọ́ alága tí ó yìn ín. Kí wọ́n gbé fóònù àtijọ́ fún ìyá kan ní Ọ̀kà, ní ẹ̀yìn òkè níbi tí ìsopọ̀ kò ti dára, kí wọ́n ní kí ó wá ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́, kí wọ́n sì dákẹ́. Kí wọ́n má ṣe tọ́ ọ sọ́nà, kí wọ́n má ṣe gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ó bá ti mí kanlẹ̀ ni àṣìṣe wà. Bí ó bá rí ọjọ́ ọjà náà, tí ó sì rí orúkọ ìlú rẹ̀ ní kíkọ bí ó ti ń pè é, ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú yóò rí ọ̀nà ilé.